Ẹ Bá Wa Kọ́ Wọn Bí A Ṣe Ń Jẹun

Ẹ̀yin aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ẹ̀yin tí ẹ dá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ láti Festac títí dé agbègbè Trade Fair, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, mi ò wá fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn.

Ẹ mọ bí òwúrọ̀ àwa òbí ṣe máa ń rí. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Trade Fair fẹ́ ṣí i kí oníbàárà tó dé. Ẹni tó ń lọ sí Erékùṣù fẹ́ kọjá Mile 2 kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó gbóná. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ọmọ ọdún mẹ́ta ti dé ẹnu géètì yín, tóun toorun lójú. Ẹ ṣí báàgì rẹ̀ wò: indomie tó ti dì nínú kúlà, bisikíìtì, jùúsì onípáálí. Ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó ní ìdájí ló dì fún un. Ọ̀dọ̀ yín lọmọ náà yóò wà títí lẹ́sìnì ìrọ̀lẹ́ á fi parí.

Ọmọdé kì í sábà gba oúnjẹ tuntun lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ní ó lè tó ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a óò fi í lọ̀ ọ́ kó tó gbà. Nílé, bó bá tu ẹ̀fọ́ dànù lẹ́ẹ̀mejì, ó ti rẹ̀ wá, a ti gbà fún un. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì, bó bá rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, òun náà á nawọ́. Agbára yẹn ò sí lọ́wọ́ àwa òbí.

Ẹ dákun, ẹ má fi súìtì ta ọmọ tó ka 1 dé 10 lọ́rẹ mọ́. Àtẹ́wọ́ tó o. Ẹ bá wa wo ti súìtì àti ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń pín ní kíláàsì lọ́jọ́ ìbí ọmọ náà. Láti 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí èèyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè gba gbogbo rẹ̀ tán lára ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ẹ fi oúnjẹ fúnra rẹ̀ kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Àwòrán apple ló wà lára ògiri kíláàsì, kò burú. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù Kejì, tí àgbálùmọ̀ kún ọjà Agboju, ẹ ra díẹ̀ wọlé. Kí wọ́n ka kóró rẹ̀, kí oje rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tọ́ ọ wò. (Kí olùkọ́ kó kóró kúrò nílẹ̀ kíákíá, ẹ mọ ọmọdé.) Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ní òun ò jẹ ẹ̀wà gbin ẹ̀wà sórí òwú tútù nínú ife, kó máa yọjú wò ó lójoojúmọ́ títí yóò fi hù.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ti jẹ́lé-ó-sinmi kò sí níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ náwó tí kò sí. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò yín bá ń wo ṣáláńgá àti àga, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n ń tà fọ́mọ nínú ọgbà náà, kí wọ́n sì béèrè ẹ̀kọ́ oúnjẹ tí àwọn olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ yẹn.

Èyí tó kù, ti àwa òbí ni. Ẹ̀yin onílé-ẹ̀kọ́, ẹ kọ ìwé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí wa: ọjọ́ Ajé, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹyin àti iṣu, ọjọ́ kan fún èso nìkan. Tí gbogbo kíláàsì bá ń gbé ohun kan náà wá, kò sọ́mọ tí yóò máa sunkún nítorí bisikíìtì ẹlòmíì. Alákàrà àti alámọ́ínmọ́ín ń jí kí àwa tó jí, a óò rí i rà. Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọjọ́ tí a óò bẹ̀rẹ̀ fún wa.