Ẹ̀rọ fún Ọmọ Ilé Ìwé: Ìbéèrè Ni Kí Ó Ṣáájú Owó

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní abúlé bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta, wọn kì í kánjú san owó. Wọn a kọ́kọ́ béèrè irú epo tí ẹ̀rọ náà ń mu. Wọn a béèrè bóyá ó lè lọ àgbàdo, kí ó sì lọ èlùbọ́. Wọn a wádìí ẹni tí yóò máa tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, àti ọjà tí wọ́n ti ń ta ohun èlò rẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, owó wọn kò ní jáde.

Irú ìbéèrè wọ̀nyí gan-an ni ó yẹ kí àwọn òbí ní Okpara béèrè nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ kó kọ̀ǹpútà tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì wá fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀, tí kò sì tóbi ju ìwé àkọsílẹ̀ ọmọdé lọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń tàn kálẹ̀ ní ilé ìwé káàkiri ayé. Kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ mìíràn fi hàn pé rírà ni ó rọrùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ní orílẹ̀-èdè Peru, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìjọba pín kọ̀ǹpútà kékeré tí ó lé ní 800,000 fún àwọn ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú ilé ìwé wọ̀nyí wà ní abúlé tí ó jìnnà sí ìlú ńlá. Ní ọdún 2012, báńkì tí ń rí sí ìdàgbàsókè ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ilé ìwé abúlé 319. Ní ibi tí ètò náà kò dé, bí ọmọ mẹ́jọ ni ó ń pín ẹ̀rọ kan lò. Ní ibi tí ó dé, ẹ̀rọ pọ̀ ju ọmọ lọ. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí kò rí ẹ̀rí pé àwọn ọmọ tí ó gba ẹ̀rọ mọ ìwé kíkà tàbí ìṣirò ju àwọn tí kò gbà lọ. Ẹ̀rọ ti dé ọwọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kò wọ inú ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń kọ́ wọn lójoojúmọ́.

Ẹlòmíràn lè rò pé àìlówó ni ó fa irú èyí. Los Angeles, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í ṣe ìlú aláìní. Ní ọdún 2013, àwọn aláṣẹ ilé ìwé ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ètò láti fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní tábúlẹ́ẹ̀tì iPad. Iye owó tí wọ́n retí láti ná ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Láìpẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ti rí ọ̀nà láti ṣí ìdènà tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà, ó hàn sí gbangba pé àwọn aláṣẹ ti ń bá àwọn tí ó fẹ́ tajà sọ̀rọ̀ kí ìdíje láti yan òǹtajà tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, wọ́n dá àdéhùn náà dúró. Ìlú tí ó lówó púpọ̀ tilẹ̀ ṣìnà, nítorí pé ó sáré ra ohun tí kò tíì mọ bí yóò ṣe lò.

Ilẹ̀ Kẹ́ńyà gba ọ̀nà mìíràn. Ìjọba ibẹ̀ ṣèlérí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ọdún 2013. Ẹ̀rọ náà kò dé ilé ìwé títí di ọdún 2016. Àwọn ènìyàn kùn sí ìdádúró náà. Ṣùgbọ́n láàárín àkókò yìí, ìjọba ń fa iná mànàmáná dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó lé ní 20,000. Níbi tí okùn iná kò lè dé, wọ́n lo iná oòrùn. Iṣẹ́ náà kò pé láìkù síbì kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ kànga kí ó tó ra korobá kò ṣe àṣìṣe.

Ní ìhà kejì ààlà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Nàìjíríà náà ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣí ètò kan tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Orúkọ náà mú ni rántí ọpọ́n tí babaláwo fi ń dá Ifá. Èrò wọn ni láti pín tábúlẹ́ẹ̀tì 150,000 fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní ilé ìwé gíráámà ìjọba. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ oríṣi 17 wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tí ó ti kọjá. Ọmọ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè kà wọ́n. Èyí ni pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ kà, kí wọ́n tó béèrè ohun tí yóò fi kà á.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí abúlé. Ní ọdún 1999, Òfin 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní gbé kíkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ríra ohun èlò rẹ̀ àti títún un ṣe lé kọ́múùnù lọ́wọ́. Okpara jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹkùn kọ́múùnù Ṣábẹ. Nítorí náà, òbí tí ó bá ní ìbéèrè mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ọmọ ilé ìwé, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí APE, sì wà láti bá a kàn án.

Ìbéèrè márùn-ún péré ni ó tó láti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní: ẹ̀kọ́ wo ni ẹ̀rọ náà fẹ́ ràn lọ́wọ́, ní èdè wo sì ni? Ọmọ tí ó ń sọ Ṣábẹ nílé, tí ó sì ń kọ́ Faransé ní kíláàsì, kò gbọdọ̀ bá èdè kẹta pàdé lójú gíláàsì.

Èkejì: níbo ni iná yóò ti wá? Ẹ̀rọ tí kò ní iná kò yàtọ̀ sí wàláà tí kò ní tàdáwà.

Ẹ̀kẹta: ta ni yóò kọ́ olùkọ́, ìgbà wo sì ni? Kò bójú mu kí olùkọ́ àti ọmọ rí ẹ̀rọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò tún un ṣe, fún ọdún mélòó? Eruku ọyẹ́ kì í ṣàánú ẹ̀rọ. Bátìrì náà máa ń rẹ̀. Ó yẹ kí owó àtúnṣe wà nínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú owó rírà.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ń dun òbí jù: bí gíláàsì bá fọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ta ni yóò san án? Àgbẹ̀ tí kò tíì ta kajú rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ọmọ rẹ̀ jókòó sílé nítorí gbèsè ẹ̀rọ. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n rà láti fa ọmọ wá sí ilé ìwé ni ó lé e jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú kúrò.

Àwọn kan yóò sọ pé ìbéèrè púpọ̀ yóò jẹ́ kí ọmọ Okpara gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ọmọ abúlé ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí ọmọ Kùtọnu ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ti kú nínú àpótí kò gbé ọmọ kankan síwájú. Ohun tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí wọ́n fi ilé ìwé kan dán an wò fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́, òbí àti àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ohun tí ó dára àti ohun tí kò dára. Ìgbà náà ni kọ́múùnù lè mọ iye tí ó yẹ kí ó rà, àti irú èyí tí ó yẹ.

Nígbà kan, wọ́n lè ka ìwé àdéhùn sí etí òbí bí ó ti wù wọ́n, kí ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ń kọjá lọ. Bàbá tàbí ìyá tí ó ti kọ́ ìwé kíkà ní èdè rẹ̀ lè béèrè pé kí wọ́n tú ìwé náà sí èdè tí òun gbọ́, kí òun sì fi ojú ara òun kà á. Ó lè ka iye ẹ̀rọ tí ó dé, kí ó sì fi wé iye tí ó wà nínú ìwé. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, kí wọ́n sì ra òmíràn. Ọdún ẹ̀kọ́ tí ó bá ọmọ nù kò ṣeé rà lọ́jà.