Òbí Tí A Ní Kó Máa Jókòó

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa tó wà nílé ní Ìjẹ̀bú la fẹ́ sọ nínú abala ìlera yìí, àti ti àwọn ọmọ tó ń tọ́jú wọn láti Èkó, láti Ìbàdàn àti láti òkè òkun.

Ìfẹ́ ni ọmọ fi ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó.” A gba ọmọ ọ̀dọ̀ fún wọn, a ra tẹlifíṣọ̀n, a ra àga tìmùtìmù tí ènìyàn ń rì sínú rẹ̀, a sì ń fi owó oògùn ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ìyá tó ń ru gààrí wá sí ọjà Òkè-Ajé nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún kò tún fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mọ́ ní àádọ́rin. Bí wọ́n bá fẹ́ kí àbúrò wọn ní Fọlágbadé, ọ̀kadà ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, a ó gbọ́ pé Màmá kò lè dá dìde lórí àga mọ́. Àwọn kan á ní ogbó ló dé. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ayé ni. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá kiri nínú ẹbí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àga tí a rà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín nípa bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú náà. Ní ọdún 1953, Dókítà Jerry Morris fi hàn pé àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn, tó ń jókòó látàárọ̀ dalẹ́, ń ní àrùn ọkàn ju àwọn tó ń gba owó ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, ṣùgbọ́n agbowó ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò ní gbogbo ọjọ́.

Òótọ́ ni pé iṣan ara a máa dínkù bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, pàápàá lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kọ́. Iṣan tí a kò bá lò, ara kì í tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún wa. Ẹ wo ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n fi símẹ́ńtì dì í ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú u, ẹsẹ̀ náà á ti tín-ín-rín ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ta ló máa sọ pé ogbó ló mú ọmọ ogún ọdún?

Èyí tó yẹ kó fún wa nírètí rèé. Ní ọdún 1990, Dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn nípa arúgbó mẹ́wàá ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó tó nǹkan bí ẹni 90 ọdún ni wọ́n, ara wọn kò sì le. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ti ẹrù tó wúwo lábẹ́ àmójútó, bí agbára wọn sì ti ń pọ̀ ni wọ́n ń fi kún ẹrù náà. Ẹni mẹ́sàn-án ló bá a dé òpin. Bí a bá pín in dọ́gba, ẹni tó lè gbé kílò 10 tẹ́lẹ̀ ti ń gbé ju kílò 27 lọ. Àwọn méjì ju ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé wọn kò sọ fún àwọn àgbà náà pé kí wọ́n lọ máa ṣe eré ìdárayá nílé, kí wọ́n sì máa lọ. Ẹnìkan dúró tì wọ́n. Iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá nìyẹn, ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kóòṣì. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àwọn olówó Èkó tó fẹ́ tẹ́ ikùn nìkan ló ń lò ó. Lójú tiwa, ẹni àádọ́rin ọdún ló nílò rẹ̀ jù, nítorí ọ̀dọ́ tó bá ṣe é ní àṣìṣe á sinmi ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n àgbà tó bá ṣubú lè fi egungun ìbàdí ṣẹ́.

Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irin. Á kọ́kọ́ béèrè àìsàn tí ẹ ní àti oògùn tí ẹ ń lò. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọkàn bá wà níbẹ̀, á ní kí ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Lẹ́yìn náà ni á wá wo bí ẹ ṣe ń dìde. Ìdánwò kan wà tí kò gba owó: ẹ jókòó lórí àga onígi tí a fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ẹnìkan wo aago, kí ó ka iye ìgbà tí ẹ lè dìde dúró ṣánṣán kí ẹ sì padà jókòó láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Obìnrin tó wà láàárín ọdún 70 sí 74 tí kò bá pé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, tàbí ọkùnrin ọjọ́ orí kan náà tí kò bá pé ẹ̀ẹ̀méjìlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rẹ̀, ó sì lè tètè ṣubú. Kí ẹnìkan dúró tì yín bí ẹ bá fẹ́ dán an wò.

Láti orí àga yẹn ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ lè fi ọwọ́ ti ara yín sókè. Nígbà tó bá yá, ẹ kò ní fọwọ́ tì í mọ́. Lẹ́yìn náà, àga tó kéré sí i, títí dé orí àpótí ìdáná. Ìgò omi méjì tó kún á di ohun gbígbé, bó bá sì yá, garawa tí omi dé ìdajì rẹ̀. Ẹ ó máa dúró lẹ́sẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ara lè rántí bí a ti ń dúró láìta gọ́ọ̀gọ́ọ̀. Olùkọ́ á máa rán yín létí kí ẹ má ṣe sé èémí bí ẹ bá ń gbé nǹkan, nítorí sísé èémí a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, á dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀, á sì pe ará ilé. Làákúrègbé orúnkún kì í ṣe àwáwí láti má ṣe é. Iṣan itan tó le a máa ran orúnkún lọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020, ní kí ẹni tó ti pé ọdún 65 máa ṣe irú eré tó ń mú kí ara le, tó sì ń mú kí ènìyàn lè dúró dáadáa, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó sì fi rírìn tàbí irú rẹ̀ kún un, tó bá lè ṣe é, fún ìṣẹ́jú 150.

Níbo la ó ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n? Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù, tàbí tó ti ṣẹ́ egungun rí, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní físíò ni kó kọ́kọ́ lọ. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ náà láti 1966. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kàn ń rẹ̀, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ eré ìdárayá ní yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun, tàbí lọ́wọ́ olùkọ́ eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò yín. Ẹ béèrè ibi tó ti kọ́ṣẹ́. Ẹ bi í bóyá ó ti kọ́ àgbàlagbà rí. Ẹni tó bá sọ pé kí Bàbá fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, tàbí tó ń ta ìyẹ̀fun àti abẹ́rẹ́ agbára, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bí olùkọ́ bá sì jẹ́ ọkùnrin tí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ arábìnrin, iwájú ilé ni kí wọ́n ti ṣe é, lójú ará ilé. A kò fẹ́ àríyànjiyàn lórí ìyẹn.

A mọ̀ pé àwọn kan á ṣí Tímótíù Kìíní orí kẹrin, ẹsẹ kẹjọ fún wa. A ti kà á. Pọ́ọ̀lù tó kọ ọ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tó pọ̀, kò sì sọ níbẹ̀ pé eré ìdárayá kò lérè rárá. Àgbà ìjọ tí ènìyàn méjì gbọ́dọ̀ fà dìde lẹ́yìn àdúrà orí ìkúnlẹ̀ mọ èrè tí à ń wí. Àwọn tó máa ń bá régbérégbé wọn jó wọ Ojúde Ọba mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Ní ti owó, àgbà mẹ́rin ní àdúgbò kan lè jọ gba olùkọ́ kan, kí àwọn ọmọ wọn pín owó rẹ̀ san. Ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ sá á rí ẹgbẹ́ tó ń retí rẹ̀ níwájú ilé. Kí ọmọ ọmọ kan nínú ilé ní ìwé kékeré lọ́wọ́, kí ó máa kọ ọjọ́ tí olùkọ́ wá àti iye ìgbà tí Màmá dìde lórí àga. Bí ẹ̀yin tó wà lókè òkun bá tún pe ilé, tí ẹ sì ti béèrè oògùn tán, ẹ ní kí ó ka ìwé náà fún yín.