Ìjàpá Bàbá Tó Dógùn-ún Lẹ́yìnkùlé: Kẹ́ Ẹ Tó Kùn Ún, Ẹ Yẹ Abẹ́ Rẹ̀ Wò

Nílùú Ẹdẹ, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá, èèyàn lè wọ ẹ̀yìnkùlé bàbá kan kó bá mọ́tò ìjàpá níbẹ̀, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rì sínú ilẹ̀, kí adìẹ máa yé sórí àga ẹ̀yìn. Ara ọkọ̀ ti dógùn-ún, ó pọ́n bí ilẹ̀pa. Àwọn tó ń ti bárò kiri ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti wò ó títí, wọ́n ti dá iye lé e. Ìyá ilé ní kí wọ́n gbé e lọ kóun ráyè sá èlùbọ́. Àkọ́bí ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní rárá o, òun máa tún un ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bá ọmọ náà wí. Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe róbótó bíi ti ìjàpá yìí gbayì láyé ọjọ́sí. Nígbà tí owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, ọ̀pọ̀ wọn ló sáré lọ ra mọ́tò. Ọdún yẹn náà ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá ní Ọ̀jọ́, nílùú Èkó. Bí ẹ bá rí ọ̀kan ní Ẹdẹ tí nọ́ńbà OY àtijọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀, àfàìmọ̀ ni kò ní dàgbà ju Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ, torí abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ẹdẹ wà títí di ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, 1991, tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè Mexico ni wọ́n ti ṣe ìjàpá tó kẹ́yìn lágbàáyé, ní ọjọ́ 30, oṣù keje, 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ohun tó lé ní mílíọ̀nù 21. Èyí tó wà nílẹ̀ nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún, 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tòkúnbọ̀ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń fojú wò lásán. Ẹni tó ní ìjàpá lẹ́yìnkùlé wá ń rò ó pé ṣebí mọ́tò rèé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tó máa wọ inú ẹ̀ ò kéré, ẹni tó bá sì ti ibi tí kò yẹ bẹ̀rẹ̀, àpò ẹ̀ ló máa jò.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rárá. Ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí ni. Mọ́tò tí bàbá fi sílẹ̀ lọ sọ́run, ogún ni. Bóyá orí-ò-jorí ni wọ́n máa pín in o, bóyá ìdí-igi ni, bóyá ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni, ẹnì kan ò lè dá a jẹ. Nígbà tó wà nínú koríko, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan náwó sí i kó máa dán bíi dígí, ẹ ó máa gbọ́ "mọ́tò bàbá wa". Àbúrò tó wà n'Íbàdàn á ní òun fẹ́ẹ́ fi ṣègbéyàwó, ẹ̀gbọ́n obìnrin á ní kí wọ́n tà á kóun gba tòun. Nítorí náà, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ síwèé, kí gbogbo ọmọ fọwọ́ sí i pé ẹni báyìí ló ni ín, tàbí pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń náwó ẹ̀. Kí wọ́n sì wá ìwé ọkọ̀ jáde nínú àpótí bàbá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá mẹkáníìkì. Ẹ máa gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ: "Àlàájì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ṣá wá bátìrì tuntun, kí n fọ kábúrétọ̀, kí pánẹ́ẹ̀bítà fi pọ́tì dí àwọn ihò wọ̀nyí, ká kùn ún. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ó gùn ún lọ sí Yídì."

Ọ̀rọ̀ dùn létí, àmọ́ ó léwu. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ìṣòro ìjàpá. Ẹ̀yìn ló wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ sì lè tú u sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Irin abẹ́ ọkọ̀ ló ń pa á. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ń gbé. Omi ásíìdì tó bá ń kán síbẹ̀ á jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ títí á fi lu. Òjò tó bá gba ara rọ́bà gíláàsì wọlé á lọ sá pamọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Irin gbọọrọ méjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, tí inú wọn ṣófo, wà lára ohun tó gbé ọkọ̀ ró; àwọn náà ń jẹrà láti inú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Lójú, ọkọ̀ ṣì dúró. Ọjọ́ tó bá kó sí kòtò pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú ni yóò ká bíi páálí.

Ọ̀nà láti mọ̀ kò la owó lọ. Kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, kí wọ́n mú sukudiráfà, kí wọ́n máa fi gún irin abẹ́ ọkọ̀. Ibi tó bá dún kokooko, ó ṣì le. Ibi tó bá wọlé, ó ti jẹrà: kí wọ́n gé e dé ibi tí irin ti dára, kí jórinjórin fi irin tuntun sí i. Kí wọ́n tún mú òòfà kékeré, irú èyí tó wà nídìí sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, kí wọ́n fi kan ara ọkọ̀ káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì ni wọ́n fi dí i láyé ọjọ́un. Pọ́tì kì í gbé ọkọ̀ ró.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó lè gba ẹ̀mí rèé. Táǹkì epo ìjàpá, iwájú ló wà, lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Táǹkì tó ṣófo lè burú ju èyí tó kún lọ, torí oru bẹntiróòlù tó kù nínú ẹ̀ ló ń bú gbàmù. Kí wọ́n tó tan iná jórinjórin, kí wọ́n yọ táǹkì àti bátìrì, kí wọ́n gbé wọn jìnnà réré. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Búlọ́ọ̀kù ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ó lè fọ́ lójijì. Ìtì igi tó nípọn sàn jù ú lọ. Ní ti búrèkì, gbogbo rọ́bà ẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀, bó tiẹ̀ ṣì dára lójú.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ yìí yẹ. Irin tí wọ́n ti họ mọ́, bí ìrì bá sẹ̀ sí i lóru, ó ti tún ń dípẹtà nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá họ lónìí, kí wọ́n fi ọ̀dà tó ń dènà ìpẹtà kùn ún lónìí. Ọ̀dà tó ń dán ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń lọ wá páàtì ní Ládípọ̀, ní Mushin, kó mú ògbólógbòó èyí tó yọ dání kó fi wé e. Kí wọ́n sì parí apá kan kí wọ́n tó tú òmíràn, torí ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀ tí owó wá tán, kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ló ń padà dà.

Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó rántí Ilé-Ifẹ̀. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo agbára oòrùn àti atẹ́gùn. Ó fi nǹkan bí ọdún kan ṣe é, ọ̀pọ̀ ohun tó lò ló jẹ́ àlòkù tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un, owó tó ná kò sì tó 6,000 dọ́là. Ìròyìn ẹ̀ dé Amẹ́ríkà.

Bí wọ́n bá yẹ abẹ́ wò tí irin ti jẹrà kọjá àtúnṣe, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀kùn àti iná rẹ̀ tà fẹ́ni tí irin tiẹ̀ ṣì dára, kí wọ́n pín owó ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣì le, kí wọ́n náwó sísàlẹ̀ kí wọ́n tó náwó sókè. Kò sẹ́ni tó máa rí abẹ́ ọkọ̀ yín lọ́jọ́ Yídì, àmọ́ òun ló máa gbé yín délé.