Ọ̀wọ́n Èso ní Jàpáànù: Ta Ló Ń San Ìyókù?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá dé ọjà Jàpáànù, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ èso tí wọ́n gbìn nílé wọ́n ju èyí tó bá ọkọ̀ ojú omi wọ̀lú lọ. Ní ọdún 2019, wọ́n gbé mẹ́lọ́ọ̀nù Yubari méjì péré lu gbàǹjo ní Sapporo, ẹnìkan sì rà á ní mílíọ̀nù 5 yẹ́nì! Lóòótọ́, gbàǹjo àkọ́so ọdún ni, ìpolówó ọjà sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní ìwà wèrè ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Shizuoka, àgbẹ̀ á já àwọn ọmọ mẹ́lọ́ọ̀nù yòókù dànù, á fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí ìtàkùn kí gbogbo adùn lè wọ inú rẹ̀. Ní Aomori, wọ́n máa ń fi bébà wé ápù lọ́kọ̀ọ̀kan lórí igi, wọ́n á sì máa yí i sí oòrùn kó lè pọ́n yíká. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti dàgbà. Bí owó rẹ̀ bá já wálẹ̀, ọ̀dọ́ wo ni yóò dúró sóko? Owó òógùn ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló ń kọ wá lóminú. Kí ìjọba Jàpáànù tó ṣílẹ̀kùn fún un ní 1963, oúnjẹ olówó ni. Lónìí, tálákà ibẹ̀ ń rà á jẹ, ohun tó dára sì ni. Láti Fílípíìnì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ṣùgbọ́n ní 2022, ìjọba Fílípíìnì bẹ àwọn oníṣòwò Jàpáànù pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi owó lé e, nítorí ajílẹ̀ àti epo ti gbówó lórí, àgbẹ̀ kò sì rí èrè jẹ mọ́.

Ẹ ò rí nǹkan! Ọjà tí a rà ní ọ̀pọ̀, ẹnìkan lè ti san ìyókù rẹ̀ lóko. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ọ̀wọ́n nìkan ló yẹ ká máa bá jà. Ká bi ọ̀pọ̀ náà léèrè. Nígbà tí a bá sì ń ná ọjà ìyá ọlọ́sàn lẹ́nu géètì títí ojú rẹ̀ fi fà ro, ká rántí pé owó ló pa ọbẹ̀ tó dùn. Ká wo àpò ẹni tí owó náà ti jáde.