Odídẹrẹ́ Kì í Kọ́ Èdè Lóun Nìkan

Ẹni tó gbé odídẹrẹ́ sínú àgò ní Àjàṣẹ́-Ìpo, tó ń pariwo "ẹ káàárọ̀" sí i létí lójoojúmọ́, làálàá lásán ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ara wọn sọ lẹyẹ yìí ń tẹ́tí sí.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Irene Pepperberg, ti fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà. Ní 1977 ló ra Alex, odídẹrẹ́ eléérú ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni méjì ló ń jókòó síwájú ẹyẹ náà: ọ̀kan á gbé kọ́kọ́rọ́ sókè, á bi ìkejì pé kí ni. Bí ìkejì bá dáhùn bó ṣe tọ́, wọ́n á fún un ní kọ́kọ́rọ́ náà. Alex ń wò wọ́n, òun náà sì ń fẹ́ gbà á. Kó tó kú ní 2007, ó ti mọ orúkọ nǹkan bí 50, ó mọ àwọ̀, ó sì ń ka nǹkan dé mẹ́fà.

Nítorí náà, ìyà gidi ni kí wọ́n mú ẹyẹ tó ń gbé lágbo-lágbo nínú igbó wá sé mọ́ kọ̀rọ̀. Láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti ka títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì léèwọ̀. Èyí tó ti wà nílé, kí wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí tẹbí-tará ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń kí ara wọn.