Ẹ Ya Àwòrán Igún Kí Ó Tó Tán Nílẹ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Gwagwarwa àti gbogbo agbègbè Sabon Gari ní Kánò, ọ̀pọ̀ ló rò pé inú igbó nìkan ni a ti lè rí ẹ̀dá tó yẹ ní yíyà ní àwòrán. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Aláǹgbá olórí pupa ń bẹ lára ògiri wa, lékeléke ń tẹ̀ lé màlúù, igi dongoyaro tó ti Íńdíà wá ń ṣíji bò wá, ẹyẹ tí àwọn Hausa ń pè ní shamuwa sì ń bá òjò wọ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ kan wà tí ó yẹ kí a tètè wá: igún. Àwọn àgbà tó ti pẹ́ ní Òkè Ọya mọ ìgbà tí igún ń kún orí ààtàn àti òrùlé odò ẹran. Kò rẹwà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, síbẹ̀ agbálẹ̀ ìlú ni, nítorí òkú ẹran tí ì bá máa tan àrùn kálẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé IUCN ka irú igún tí ń gbé láàrin ìlú wa mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun kù sí dẹ̀dẹ̀ fún. Májèlé àti òwò orí igún fún oògùn wà lára ohun tó fà á. Ní Guinea-Bissau, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, igún tí májèlé pa lé ní 2,000. A sì rí àwọn mìíràn nínú wọn tí a ti gé lórí lọ. Àwọn baba ńlá wa kà á sí èèwọ̀ láti pa igún. Ta ni ó wá ń ra orí rẹ̀ lọ́jà?

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó láti fi mọ iye tó kù. Àwòrán tó ní ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á ni ẹ̀rí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò iNaturalist tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 ń gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tó mọ ẹ̀dá náà yóò sì bá a fi orúkọ rẹ̀ múlẹ̀. Fóònù ọmọ yín tó fún iṣẹ́ yìí.

Bí ó bá jẹ́ igi, ẹ ya ewé, èèpo, òdòdó àti èso rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹyẹ, ẹ má lé e, ẹ má sì sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀. Ẹ má kéde ibi tí ìtẹ́ igún tàbí ti òwìwí wà, nítorí ẹni tó ń wá orí wọn náà lè gbọ́. Ètò iNaturalist pàápàá máa ń fi ibi pàtó tí ẹ̀dá tó wà nínú ewu wà pamọ́.

Súrà Al-An‘ām, áyà 38, kọ́ wa pé ìjọ bí tiwa ni àwọn ẹyẹ. Ó yẹ kí ọmọ wa mọ orúkọ wọn ní Yorùbá àti ní Hausa.

Bí igún bá kù ní àdúgbò yín, ẹ ya á lónìí. Bí kò bá sí mọ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé ní ọdún tí wọ́n rí i kẹ́yìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rí ni ìyẹn náà.