Ẹ Ṣí Ilẹ̀kùn fún Àwa Oní-Linux

Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, kọ̀ǹpútà àlòkù pàápàá ń gbé e. Òun ni mo ń lò. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, fáìlì CorelDRAW ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ Corel ti ṣe ti Linux rí ní 2000. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, wọ́n sì pa á tì. Adobe kò ṣe Photoshop fún wa rí rárá.

Àwíjàre tí a sábà ń gbọ́ ni pé a kò pọ̀. Báwo ni a ó ṣe pọ̀? Ẹni tó ti ilẹ̀kùn ló tún ń ka iye èèyàn tó wà nínú ilé! Èmi kò sì ní kí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ o.

Àwọn kan ní GIMP àti Inkscape tó wa. Wọ́n dára lóòótọ́. Blender, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ni wọ́n fi ṣe fíìmù Flow tó gba Oscar ní 2025. Ṣùgbọ́n Inkscape lè ṣí fáìlì CorelDRAW, kò lè kọ ọ́ jáde. Nítorí náà, kí àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn wa yìí máa gba PDF lọ́wọ́ wa láti ọdún tó ń bọ̀, kí Corel náà sì padà síbi tó ti yà kúrò.